Ṣẹ́lò Ìyàwó Akínyẹlé

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Ọrùn rẹ̀ lẹ dì mú yẹn, ó lè kán."

Adéṣẹwà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ló ń bẹ̀bẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀. Màmá Oyèbọ́lá, àbúrò bàbá wa, di ṣẹ́lò náà mú bí ẹni mú olè. Ọjọ́ kẹrìndínlógún tí a sin ẹ̀gbọ́n mi Akínyẹlé nìyẹn, lọ́dún 1995, nínú ilé rẹ̀ ní Ekenwan, ní Bìní.

"Mo wọlé, mo bá a tó jókòó, tó ya ẹsẹ̀ méjèèjì, tó fi igi sáàárín itan," Màmá wí. "Opó o. Ogójì ọjọ́ kò tíì pé."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta ṣẹ́lò. Ẹ̀gbọ́n fáyólìnì ni. Kò ṣeé gbé léjìká, àfi kí èèyàn jókòó, kí ó gbé e sáàárín orúnkún, kí ó máa fi ọ̀pá onírun fà á. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ni ní yunifásítì, tí mo ti jókòó níwájú lọ́jọ́ tí Adéṣẹwà ta á nínú gbọ̀ngàn tó kún dẹ́nu, tí gbogbo èèyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló máa ń bá a gbé àpótí rẹ̀ wọ mọ́tò.

Adéṣẹwà kọjú sí mi. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹbí ọkọ. Akọ̀wé ló ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa.

"Akọ̀wé mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Lọ́jọ́ Ẹtì ni àwọn tó ń dán olùkọ́ wò ń bọ̀ nílé ẹ̀kọ́ orin wa. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ́ni níbẹ̀, wọn ò tíì gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Bí n kò bá ta á kí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbà. Ọmọ ọdún méjì ló sì wà lọ́wọ́ mi."

"Akíntáyọ̀, ìwọ lo kàwé," Màmá wí. "Dá ẹjọ́ yìí fún wa."

N kò lè dúró sójú kan. Mo rìn dé ojú fèrèsé, mo padà. Màmá fẹ́ kí a la igi náà fi dáná. Èmi ọlọgbọ́n ní kí a má fọ́ ọ, kí a tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìnkùlé títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ẹbí yìn mí pé mo pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìyìn náà dùn mọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Adéṣẹwà kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Ó ti wẹ̀, ó ti múra.

"Wákàtí méjì péré ni, Akọ̀wé mi. Mo máa padà kí Màmá tó ti ọjà dé."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n rò ó. Ni mo bá bọ́ síta. Mo rìn dé àdúgbò Ogbe, mo yí padà, mo tún gba ibòmíràn lọ, oòrùn ń pa mí, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, ẹbí yóò ní nǹkan wà láàárín èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn. Nígbà tí mo fi máa padà dé, aago mẹ́ta ti kọjá. Ó ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ìka òsì rẹ̀ ń tẹ apá ọ̀tún rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, bí ẹni tó ń ta ṣẹ́lò lọ.

"Ẹ káàbọ̀, Akọ̀wé," ó wí. Kò pè mí ní tirẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, mo lọ ṣílẹ̀kùn fúnra mi. Páànù ni wọ́n fi bo yàrá náà, ooru ibẹ̀ kò ṣeé dúró sí. Gọ́ọ̀mù tó so ṣẹ́lò náà pọ̀ ti yọ́, ọrùn rẹ̀ ti yọ kúrò, ojú rẹ̀ ti là gbọọrọ. Kò sí ẹni tó lè tún un ṣe ní gbogbo Bìní. Ilé ẹ̀kọ́ náà sì ti gba ẹlòmíràn. Kí oṣù tó parí, Adéṣẹwà ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Sapele Road, ó ń rán aṣọ àwọn ọmọléèwé. A kò lé e. A kò sì wá a lọ.

Lọ́dún 2013, ọmọ náà, Ṣèyíọlá, wọ yunifásítì wa. Orúkọ ẹbí wa ló rí lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi tó fi wọlé wá kí mi. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, Yorùbá sì yé e, ṣùgbọ́n Píjìn ló fi ń fèsì. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ìdáríjì ni mo ń wá, bí mo bá máa sòótọ́.

"Ṣé ìyá rẹ ṣì máa ń ta ṣẹ́lò?"

"Uncle, wetin be ṣẹ́lò?"

Mo ní ohun orin kan ni, ẹ̀gbọ́n fáyólìnì.

"Mummy? Mummy no like music at all. If choir start for church, she go just waka comot."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì bi í bóyá ó ti rí yàrá tó máa gbé.