Ìbídùn Wá Bá Mi Rán Aṣọ Ìgbékòkò

Ilé ìdáná wa ni, àmọ́ àárín odò ni ó wà. Omi ń ṣàn kọjá lábẹ́ àpótí tí mo jókòó lé, ẹsẹ̀ mi sì gbẹ. Kò sí òrùlé, kò sí oòrùn, síbẹ̀ ilẹ̀ mọ́. Mò ń rán aṣọ ìgbékòkò, irú èyí tí èmi àti Ìbídùn ọmọ mi máa ń rán ní ìparí ọdún láti fi ta àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Àǹkárá ni ara rẹ̀, àjákù ìró ló wà nínú rẹ̀, a ó sì ki kànáfùrù àti èèpo ọsàn gbígbẹ sí àárín. Bí èèyàn bá gbé ìkòkò gbígbóná lé e, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé.

Kànáfùrù kún àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bù ú sí imú. Kò rùn rárá.

Ìbídùn wọlé láti ibi tí ògiri yẹ kí ó wà. Ó jókòó sórí ẹní, ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó pòṣé.

"Màámi, ẹ ti rán ẹnu rẹ̀ pa kí ẹ tó ki kànáfùrù sí i."

"Ojú mi ni."

"Ojú kọ́, ìkánjú ni. Ẹ wo ìránṣọ náà, ó ń rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó."

Ó fi eyín já òwú náà, ó ń tú u. Mo ti bá a jà lórí eyín yẹn títí ó fi sú mi.

"Òwú ni wàá fi eyín rẹ jẹ tán," mo ní.

"Ẹ̀bà yín le ju òwú lọ, mo sì ń jẹ ẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti rántí pé ó ti kú.

Ibà ló mú un lọ, kò tíì ju oṣù mélòó kan sẹ́yìn lọ. Àwọn tó wá kí mi ní ó lọ sinmi. Ọmọ tí kò tíì lọ́kọ, iṣẹ́ wo ló ṣe tó fi ń sinmi? Ní ọ̀dọ̀ wa, òbí kì í rí ibojì ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn obìnrin ìdílé dì mí mú sínú yàrá, Akínṣọlá àbúrò mi ló ṣáájú àwọn tó gbé e lọ. Nígbà tó dé, mo wo yẹ̀pẹ̀ ara bàtà rẹ̀, bóyá màá mọ ibi tó ti ń bọ̀. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni. Gbogbo ilẹ̀ ìlú wa ló pupa. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti yọjú sí mi, ohun kan ṣoṣo ni mò ń bi í: níbo ni? Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́." Kì í wá déédéé mọ́.

Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló kúkú jókòó níwájú mi yìí.

"Ìbídùn, níbo ni wọ́n tẹ́ ọ sí?"

Kò gbójú sókè. Ó ń ki kànáfùrù sínú aṣọ náà díẹ̀díẹ̀. "Màámi, ẹ bá mi fa etí rẹ̀ le."

Mo fà á. "Mo ní níbo ni? Ṣé omi kì í dúró síbẹ̀? Ṣé igi wà níbẹ̀?"

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Màá jókòó."

"Títí di ìgbà wo?"

Mi ò ní ìgbà kankan lọ́kàn tí màá dìde.

"Ẹ ò rí i báyìí," ó ní. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Bọ̀dá Akin mọ̀ yín. Ó mọ̀ pé bí ẹ bá débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní padà sílé mọ́. Òun nìkan ló ń gbé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kiri, Màámi. Ó sì wúwo."

Ó rán ẹnu aṣọ náà pa, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò kúrò lórí rẹ̀. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, aṣọ náà wà láàárín wa. Mo ní kó mú mi dání.

"Rárá o!" Ó sọ ọ́ kíkankíkan, bí ẹni ń lé ewúrẹ́.

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo sunkún bí mo ṣe máa ń sun ún, mi ò ní purọ́ pé àlá náà dín in kù.

Ilẹ̀ ni mò ń gbá nígbà tí Akínṣọlá dé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀, ó ń retí ìbéèrè mi bí ẹni ń retí ìgbájú. Mo wò ó. Ó ti rù. Ọrùn rẹ̀ ti kéré nínú ẹ̀wù, mi ò sì kíyè sí i láti ọjọ́ yìí.

"Wọlé," mo ní. "Ṣé o ti jẹun?"

Kò mira. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bi mí."

"Mi ò ní bi ọ́ mọ́."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ náà. Mo gbé ìgbálẹ̀ jù sílẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi.