Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tó Ń Mí

Lazarus Ikúmápàyí kì í bẹ̀rù omi. Apẹja ọmọ Ìlàjẹ ni. Bí ìjì bá ń gbé ọkọ̀ sókè sódò lórí ọ̀sà Bàrígà, á jókòó sí ìdí ọkọ̀, á máa rọra mu gàrí bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Orí ilẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ wà. Ó ń bẹ̀rù ajá, ó ń bẹ̀rù kẹ̀kẹ́ ológeere, ó ń bẹ̀rù ọlọ́pàá tí òun kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí gbogbo ẹ̀rù rẹ̀ ni àárín kóòṣì méjì nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ Ọmọ́ṣaléwá ń ṣe ìgbéyàwó ní Òṣogbo ló kọ́kọ́ rí i. Kóòṣì tí wọ́n jókòó sí kò ní ilé ìyàgbẹ́. Tiwájú ló ní. Láàrin méjèèjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà, dúdú, tó ní ìṣẹ́po lẹ́sẹẹsẹ bíi ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, tó ń súnkì, tó ń nà, bí ọkọ̀ ṣe ń lọ.

“Ó ń mí,” Lazarus wí. Ó padà lọ jókòó.

Ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ló ká dé Abẹ́òkúta, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, òógùn ń bọ́. Ní Abẹ́òkúta ó bẹ́ sílẹ̀, ó sá wọ igbó. Ọkọ̀ fọn fèrè. Gbogbo èrò rí bàbá ìyàwó tó ń sáré tẹ̀lé rélùwéè, ṣòkòtò lọ́wọ́. Sabina, ìyàwó rẹ̀, ò sì jẹ́ kí ẹnì kan ní Bàrígà má gbọ́ ìtàn náà.

Wàyí o, Ọmọ́ṣaléwá ti lóyún, oyún náà sì ti ń gbó. Lazarus fẹ́ kí ọmọ náà, bó bá jẹ́ ọkùnrin, jẹ́ Adéjìmí, orúkọ bàbá òun tó ti kú. Àwọn àna gbà. Wọ́n kàn ní ó gbọ́dọ̀ wá fi ẹnu ara rẹ̀ pè é lọ́jọ́ ìkómọ. Orúkọ, wọ́n ní, kì í dá rìnrìn-àjò.

Ni orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun Lazarus.

“Orúnkún wo ni, Bàbá Saléwá?” Sabina bi í.

“Ti ọ̀tún.”

“Ti òsì lẹ dì mú yẹn.”

Lazarus wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ká kúkú wọ lọ́rì,” ó ní.

“Kí n máa bì lọ dé Òṣogbo, àbí?”

Sabina lọ bá Àkànó ní bòókẹ́lẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ọ̀yọ́ ni Àkànó, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà Bajulaiye. Ó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, láti ìgbà náà ni kò sì ti sí ohun tó ń wù ú gbẹ́ bíi rélùwéè kékeré: orí ọkọ̀, kóòṣì, títí kan ojú irin tó fi igi ṣe. Ọjọ́ kejì, ó yà kí Lazarus.

“Bàbá Saléwá, kóòṣì mi ti parí, ó ku ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó so wọ́n pọ̀. Ìka tèmi ti nípọn jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún àwọ̀n ṣe ni mo nílò.”

Lazarus fura. Ó wo Àkànó. Ó wo Sabina tó ń yan ẹja, tí kò gbójú sókè. “Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo?”

“Kékeré ni. Kò tó àtàǹpàkò yín.”

Ohun tí kò tó àtàǹpàkò ẹni, ojú á tini láti sá fún un. Lazarus lọ.

Bébà líle tí àwọn atẹ̀wé Bajulaiye gé dànù ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Lazarus ṣẹ́ ẹ po, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kóòṣì kan, ó fi ẹnu rẹ̀ ti kóòṣì kejì. Lójú ọ̀nà títọ́, ó dára. Níbi tí ọ̀nà ti yí, bébà kọ̀, kò tẹ̀. Ó ti kóòṣì kúrò lójú irin, kóòṣì ṣubú.

“O rí i?” Lazarus wí. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀.

“Ó le jù ni. Ti gidi rọ̀.”

Wọ́n rẹ aṣọ sínú ògì, kí ìṣẹ́po rẹ̀ lè dúró, wọ́n sá a sóòrùn. Ewúrẹ́ kan kọjá, ó jẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tán, ó tún ń lá ẹ̀yìn kóòṣì.

“Ká ní a wà nínú rẹ̀ ńkọ́?” Lazarus béèrè.

“Ewúrẹ́ ni ì bá gbé yín dé Òṣogbo.”

Lẹ́yìn èyí, Lazarus fúnra rẹ̀ ló mú agboòrùn dúdú kan wá, èyí tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti fà ya. Kò mọ ìgbà tí iṣẹ́ náà wọ òun lára. Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ ṣe egungun rẹ̀, ó fi òwú àwọ̀n rán an ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Nígbà tí ọkọ̀ gba kọ́nà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ súnkì lápá kan, ó nà lápá kejì. Kò ya. Kò ti ẹnikẹ́ni ṣubú.

“Kí ló dì í mú mọ́ kóòṣì iwájú?”

“Ìkọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gidi.”

Lazarus gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. “Ìkọ́? Àkànó, ẹja tó ti bọ́ lẹ́nu ìkọ́ mi pọ̀ ju èyí tí mo gbé délé lọ.”

Àkànó fa ìkọ́ náà wò. “Ẹja ló ń jà, Bàbá. Kóòṣì kì í jà.”

Síbẹ̀, Lazarus ní kò tíì tó, àfi kí ẹlẹ́mìí kan kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Ó mú akàn kékeré wá láti etí ọ̀sà, ó gbé e sínú kóòṣì ẹ̀yìn. Akàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ojú méjèèjì sókè, ó wo inú òkùnkùn.

“Ẹ̀rù ń bà á,” Lazarus wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rí ẹbí.

Ṣùgbọ́n akàn yí ara padà, ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó jáde nínú kóòṣì iwájú, ó sì di ìka Àkànó mú.

“Ó kọjá,” Lazarus wí. “Ẹ̀gbẹ́ ló fi kọjá.”

Àkànó ń wá bí yóò ṣe gba ìka rẹ̀ padà.

Nígbà tó yá, ọmọ dé, ọkùnrin. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Yábàá. Kí wọ́n tó dé Agége, Sabina ti bu tíì fún ọkọ rẹ̀, ó tún bu òmíràn, kò sọ ìdí. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìfọ̀, Lazarus ti ká ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Sabina ń wo igbó láti ojú fèrèsé bí ẹni tí kò mọ ọkọ rẹ̀ rí.

Lazarus dìde.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń mí. Lazarus di fìlà rẹ̀ mú, ó yí ara padà, ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Irin ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó na ọwọ́ láti di nǹkan mú, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú ìṣẹ́po. Ó dúró. Ó fi ìka tọ ojú òwú lọ.

“Ta ló rán èyí?”

Wọ́n ti fo ibì kan. Wọ́n tún fo ibòmíràn. Lazarus gbàgbé ẹ̀rù, ó gbàgbé tíì, ó lóṣòó sí àárín ọ̀nà gan-an, ó fa abẹ́rẹ́ àwọ̀n àti òwú yọ lápò.

Ọkùnrin alágbádá kan dé sẹ́yìn rẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọjá.”

“Ẹ ní sùúrù. Bá a bá fi èyí sílẹ̀, á ya dé òkè.”

“Bàbá, èyí tó ń ṣe mí ò gba sùúrù.”

Èrò tò sẹ́yìn alágbádá. “Ṣé òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá yìí?” obìnrin kan béèrè.

“Ṣé ẹ ò rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn ni?” ẹlòmíràn dá a lóhùn.

Lazarus gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ alágbádá: ọ̀kan ti ká lórí èkejì. Ó mọ ẹsẹ̀ yẹn. Àánú ṣe é.

“Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ gbà á,” ó ní, ó fara mọ́ ògiri. “Bí akàn. Ẹ má wo ilẹ̀.”

Alágbádá kó aṣọ mọ́ra, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọjá. Obìnrin náà fi ẹ̀gbẹ́ tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí; ẹni tó ní abẹ́rẹ́ ló wí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó dé Abẹ́òkúta, gbogbo ẹni tó ń lọ ilé ìyàgbẹ́ ló ń rìn bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde látinú odò.

Sabina ló wá wò ó níkẹyìn. “Bàbá Saléwá, ṣé ẹ ti lọ síbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ?”

Ìgbà náà ló rántí tíì. Eré ló sá, kò rántí fi ẹ̀gbẹ́.

Lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ pè é: Adéjìmí. Gbogbo ilé ṣe àmín. Wọ́n ní kó jókòó, ara rẹ̀ ò tẹ̀, lẹ́yìn gbogbo lílóṣòó inú ọkọ̀.

“Orúnkún ni,” ó wí.

Sabina wò ó. “Èwo ni tòní?”

“Méjèèjì,” Lazarus wí, ó sì di méjèèjì mú.