Fáàfù Tó Dákẹ́ Jù

Àwọn àgbà ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ti Bàbá Yẹ̀kínì ò rí bẹ́ẹ̀. Etí wọn ò gbọ́, inú wọn sì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ ní Ìlúpéjú ló gba etí náà lọ, wọn ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀.

Pijó 504 àtijọ́ tí wọ́n gbé síwájú ilé wọn l'Ágége ló wá fẹ́ tú àṣírí. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ké kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ishaq ọmọ wọn, tó ń gbé ní Àgídìngbì, ní ọkọ̀ náà yóò dá wọn dúró sọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kan. Bàbá àtọmọ wá fẹnu kò: bí Ishaq bá dé láago mẹ́wàá ọjọ́ Sátidé tí ọkọ̀ ò bá tíì dákẹ́, yóò wọ́ ọ lọ fáwọn tó ń ra irin àlòkù. Bàbá gbà, torí wọ́n mọ ohun tó ń ké. Àlàfo tó wà lórí àwọn fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré mẹ́jọ tó ń ṣí tó ń pa dé nínú ẹ́ńjìnì, ló fẹ̀ jù. Láti ìgbà èwe ni wọ́n ti ń dín in kù fúnra wọn, etí ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ọjọ́ Sátidé náà, wọ́n ti ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n yí nọ́ọ̀tì kan, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n yí òmíràn.

Wọ́n ní ó ti dákẹ́.

Sùlíyá ìyàwó wọn dúró nítòsí. Ariwo náà tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti tó ọdún kan tó ti mọ̀ pé ọkọ òun kì í gbọ́ ìpè àdúrà mọ́; àwọn tó ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí ni wọ́n fi ń mọ àkókò. Ó ti ń bá wọn bò ó. Wàyí, bó bá dákẹ́, mọ́tò lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, ìtìjú dé.

Ó dojú kọ wọ́n kí wọ́n lè rí ẹnu òun.

"Bàbá Ishaq, ó ń ké. Ẹ jẹ́ n bá yín gbọ́ ọ."

Bàbá wo ẹnu rẹ̀. Òróró gbígbóná ń ta sí wọn lọ́wọ́, wọn ò kà á sí. Wọ́n ti sípánà bọ fáàfù àkọ́kọ́.

Bó bá ṣì ń ké, Sùlíyá á gbọ́wọ́ sókè. Bó bá rọ̀, á sọ ọ́ kalẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Méje nínú mẹ́jọ ti rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò yọ lórígun. Sùlíyá wá ń juwọ́ kíkankíkan pé kí wọ́n fún ìkẹjọ sí i, kí wọ́n fún un sí i, títí ariwo fi pa lọ́lọ́.

Bàbá bi í bóyá ó ń gbọ́ ohunkóhun níbẹ̀. Ó mi orí pé rárá. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì náà padà. Sùlíyá di ọwọ́ wọn mú.

"Fáàfù tó dákẹ́ pátá, kò lè pa ẹnu dé," ni Bàbá wí. "Iná ni yóò jẹ ẹ́. Kí wọ́n wọ́ ọ lọ láàyè sàn ju kí èmi fọwọ́ ara mi sun ún." Wọ́n sì tú u padà díẹ̀.

Ishaq dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, ó gbé orí sókè. "Bàbá mi, ó ṣì ń dún díẹ̀. Àbí ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"Mi ò gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ nǹkan. Ìyá rẹ ló ń bá mi gbọ́ ọ. Èmi ni mo tú ọ̀kan padà, bó ṣe yẹ kó dún nìyẹn, ṣùgbọ́n kó dákẹ́ la jọ sọ. Wọ́ ọ lọ."

Ishaq wo ìyá rẹ̀. Òróró ti ta sára ìborùn rẹ̀. Ó lọ bá awakọ̀ ọkọ̀ tó wá wọ́ mọ́tò, ó ní kó máa lọ. Ó padà wá dúró síwájú bàbá rẹ̀ gan-an, ó la ẹnu dáadáa, ó sì rọra bi wọ́n pé èwo nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni wọ́n tú padà.