Ẹ Má Gbé E Nílẹ̀

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, aṣọ ilé-ìwé ọmọ ni Kúnbi ń lọ̀ lọ́wọ́. Fóònù dún. Wọ́n ní Adébánjọ, ọkọ rẹ̀, ṣubú níbi tó ti ń wo bọ́ọ̀lù ní pápá ẹ̀yìn Jakande. Inú rere ni àwọn èèyàn fi gbé e: wọ́n da omi sí i lórí, wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, wọ́n sáré. Kí wọ́n tó dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́.

Dókítà fohùn jẹ́jẹ́. "Ìyá Ìléríolúwa, ká ní ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ láyà níbi tó ṣubú sí ni..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Odidi ọdún kan ni Kúnbi fi ń bá a parí rẹ̀.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì pe nọ́ọ̀sì wá kọ́ wọn ní ìtọ́jú pàjáwìrì, òun ló kọ́kọ́ dé. Ó tẹ àyà ọmọláńgidi rọ́bà títí apá fi ń ro ó. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pápá, ẹ̀pà nínú báàgì. Adébánjọ kì í wo bọ́ọ̀lù láìsí ẹ̀pà; bó bá di háàfù táìmù, á tú u, á bu fún ẹni tó bá jókòó tì í, ọ̀tá ì báà ṣe. Kúnbi ń gbé ẹ̀pà lọ, ó ń gbé e bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á láti tú u.

Lọ́jọ́ àṣekágbá Jakande àti Ṣógúnlé, rẹfirí fọn fèrè òfúsáìdì; láàárín òǹwòran, Mísbáù tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ṣógúnlé fò dìde, ó lanu láti bú rẹfirí. Èébú náà kò jáde. Ó wó lulẹ̀ gbì.

"Ẹ bomi wá! Ẹ pe Màrúwá!" Rájí, àbúrò rẹ̀, ti fi ọwọ́ kọ́ ọ lábíyá láti gbé e.

"Ẹ má gbé e nílẹ̀!" Ohùn Kúnbi dẹ́rù ba òun fúnra rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ yà lọ́nà! Ṣebí ará Jakande ni yín? Ẹ fẹ́ kó kú síbí ni?"

"Bí wọ́n ṣe gbé ọkọ mi lọ nìyẹn, tí mo fi sin ín. Gbétí sí imú rẹ̀. Ṣé ó ń mí?"

Rájí tẹ̀ba. Ó mi orí pé rárá. Ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ẹnì kan pe áńbúláǹsì ní 112. Ẹ fún wa láyè!"

Kúnbi gbé ọwọ́ lé ọwọ́ láàárín àyà Mísbáù, ó ń tẹ̀ ẹ́ wọlé kíkankíkan, kíákíá. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, Rájí kúnlẹ̀. "Ẹ kọ́ mi, mà." Kúnbi ń pàtẹ́wọ́ kó má baà falẹ̀. Jakande bá a pàtẹ́wọ́, Ṣógúnlé bá a pàtẹ́wọ́, gbogbo pápá ń dún bí ọwọ́ kan. Rẹfirí pàápàá sọ fèrè sílẹ̀, ó gba ipò Rájí.

Áńbúláǹsì dé. Wọ́n fi ẹ̀rọ oníná ta àyà Mísbáù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó wúkọ́. Ariwo tó sọ ní pápá, góòlù kankan kò rí irú rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kẹta, aṣọ ilé-ìwé náà ni Kúnbi ń lọ̀ nígbà tí fóònù dún. Ó dúró kó tó gbé e.

"Mọ́mì, Rájí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó! Ó ní kí n sọ fún rẹfirí pé òfúsáìdì kọ́ nìyẹn."

Kúnbi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

Ní Sátidé tí wọ́n padà wá parí eré tó dá dúró náà, Rájí wá jókòó tì í. Fèrè háàfù táìmù dún. Kúnbi mú ẹ̀pà jáde nínú báàgì, ó tú u, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un.