Lẹ́tà Tó Ṣáájú Wọn Débẹ̀

Ọmọ méjì ni Ìyá Oníwèé bí, obìnrin sì ni méjèèjì. Iṣẹ́ ìwé dídì ni obìnrin náà ń ṣe nínú yàrá ńlá kan nísàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé. Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ya, tí ojú ewé rẹ̀ ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín arúgbó, òun ni wọ́n ń gbé e wá fún. Yóò rán an, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò gbé e sábẹ́ irin tó wúwo títí yóò fi gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ìgbà tí èyí àbúrò wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ni bàbá àwọn ọmọ náà kú, láti ìgbà náà ni ìyá wọn sì ti gbájú mọ́ iṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Èyí ẹ̀gbọ́n, Àgbà ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé láti ọmọ ọdún méje ló ti ń ṣe bí àgbàlagbà. Òun ló ń di irun àbúrò rẹ̀, òun ló ń jókòó tì í tó bá ń ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ ní kó ṣe wá láti ilé. Èyí àbúrò ní tirẹ̀, Òjìji ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ibi tí o bá ti rí Àgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni wàá ti rí i. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi sùn nínú yàrá kan náà.

Nígbà tí lẹ́tà dé pé yunifásítì ti gba Àgbà wọlé, ilé náà wá dà bí ilé ọlọ́mọ kan. Bàtà wo ni Àgbà máa wọ̀ lọ? Ta ni yóò máa bá Àgbà gbé yàrá? Kí ni yóò máa jẹ tí ilé ìjẹun bá ti pa? Ìyá Oníwèé lẹ ìwé gbọọrọ kan mọ́ ògiri, ó ń kọ gbogbo ohun tí ọmọ náà máa nílò síbẹ̀, láti orí ìrọ̀rí dé orí abẹ́rẹ́. Òjìji ló sì ń sáré jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó ká aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú àpótí, ó tú u, ó tún un ká. Ìyá wọn wò ó títí, ó wí fún obìnrin aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwọn pé, "Ó mà ń dùn mọ́ èyí ju ẹni tó ń lọ gan-an lọ."

Aránṣọ gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ máa ṣọ́ ọ o. Ọmọ tó bá ń rẹ́rìn-ín láràárọ̀, ó ní ohun tó ń fi ẹ̀rín bò."

Ìyá Oníwèé gbọ́, àmọ́ etí lásán ló fi gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ajé kan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ bọ́ọ̀sì lọ sí yunifásítì náà. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni. Òjìji bì lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, ìyá rẹ̀ sì ní ọkọ̀ ló ń mì í. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n wọ gbọ̀ngàn kan tó gùn, tí fèrèsé rẹ̀ ga, tí àwọn òbí àtọmọ tò sí bí ẹni ń dúró de dókítà. Òjìji ní òun á jókòó ti ẹrù lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Oníwèé àti Àgbà tò títí ó fi kàn wọ́n.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan ni akọ̀wé tó dá wọn lóhùn, awò ojú rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Ọmọ mi, orúkọ rẹ ò sí níbí."

"Bóyá wọ́n kọ ọ́ síbòmíì, sà," Àgbà fi sùúrù dá a lóhùn. Òun àti sùúrù, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Akọ̀wé náà dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mú fáìlì tín-ín-rín kan bọ̀. Ó kà á, ó gbé ojú sókè. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ̀wé sí wa lóṣù méjì sẹ́yìn pé o ò wá mọ́? A ti fún ẹlòmíì ní àyè rẹ."

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ìyá Oníwèé rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ọmọ mi tó ti di ẹrù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó kàn ti lẹ́tà náà sún mọ́ wọn lórí tábìlì.

Ìyá Oníwèé kò tíì ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ara rẹ̀ fi tutù. Ìwé náà nípọn, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, irú èyí tó máa ń ṣẹ́kù tó bá gé èèpo ìwé tán. Òun nìkan kọ́ ló ń lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀bẹ ńlá tó fi ń gé ìwé ti kán níbì kan láti bí ọdún méjì, kò sì tíì ráyè gbé e lọ pọ́n. Gbogbo ìwé tí ọ̀bẹ náà bá gé ló máa ń ní ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun létí. Ìlà náà nìyí níwájú rẹ̀. Inú ilé rẹ̀ ni lẹ́tà yìí ti wá, lórí tábìlì rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́.

Ó wo Àgbà. Ẹnu Àgbà là sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń sáré lórí lẹ́tà náà, ó sì ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Màámi, mi ò kọ ọ́. Ó jọ ọwọ́ mi, àmọ́ mi ò kọ ọ́." Ìgbà náà ni èrò kan tí kò yẹ kó wọlé wọ inú Ìyá Oníwèé. Ó yíjú sẹ́yìn. Òjìji ti dìde kúrò lórí àpótí tó jókòó lé. Ó dúró sójú kan, ó ń sunkún, àmọ́ ẹkún náà ò ní ohùn.

Ìyá rẹ̀ lọ bá a. "Ta ló kọ lẹ́tà yẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

Àgbà ti dé ẹ̀yìn wọn. "Ìwọ kẹ̀?"

"Ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́ náà ni mo ti ń gbàdúrà kó sọnù lójú ọ̀nà," ni Òjìji wí. "Nígbà tí èsì yunifásítì dé, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà. Mo fẹ́ sọ. Ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin náà sì ń ra nǹkan, inú yín ń dùn. Mo ní bóyá tá a bá débí, wọ́n á ti gbàgbé."

Àgbà kò bú u, kò gbá a létí. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn. Ní ti Ìyá Oníwèé, ó ń wo ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò. Ọmọ tó rò pé òun mọ̀ bí ẹní mowó ni.

Akọ̀wé àgbàlagbà náà ṣàánú wọn, ó mú wọn wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ ṣókí, tí kì í ṣẹ́jú bọ̀rọ̀. Ọ̀gá náà gbé lẹ́tà sókè. "Ta ló ni lẹ́tà yìí?"

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, Àgbà ti sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo kọ ọ́, mà. Ọkàn mi ló wá yí padà."

Ìyá Oníwèé di apá àga mú. Ìyàlẹ́nu kejì rè é láàárín wákàtí kan: omijé ìbínú ṣì wà lójú ọmọ náà, ó sì ti ń gba ẹ̀ṣẹ̀ àbúrò rẹ̀ rù.

"Irọ́ ni, mà," Òjìji wí. "Èmi ni."

"Èmi ni, mà. Ọmọdé ni, ẹ má dá a lóhùn."

Ọ̀gá náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́rìndínlógún rè é tí mo ti jókòó síbí. Mo ti rí àìmọye ọmọ tó ń búra pé àwọn kọ́. Mi ò tíì rí méjì tó ń du ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́." Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rọ̀: ọmọ tí wọ́n fún ní àyè náà ti wà ní kíláàsì, òun ò lè lé e jáde. Ohun tí òun lè ṣe ni kí òun kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n tọ́jú àyè de Àgbà fún ọdún tó ń bọ̀.

Bí wọ́n ṣe di ẹrù lọ náà ni wọ́n ṣe dì í bọ̀. Àga iwájú ni Àgbà jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì, kò wẹ̀yìn.

Òjìji rò pé wọ́n máa na òun tí wọ́n bá délé. Ó tiẹ̀ dúró dè é ní pálọ̀. Ìyá rẹ̀ ò lè gbé ọwọ́ sókè. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló pè é sínú yàrá iṣẹ́.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi pé o ò fẹ́ kó lọ?"

"Ẹ ò bi mí."

"Mi ò bi ọ́ kẹ̀?"

"Ẹ bi Àǹtí mi bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹ bi wọ́n ta ló máa bá wọn jẹun lọ́hùn-ún." Ọmọ náà ń fi èékánná họ etí tábìlì. "Ta ló máa bá èmi jẹun níbí, ẹnikẹ́ni ò bi mí. Abẹ́rẹ́ ló máa ń wà lọ́wọ́ yín."

Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ Ìyá Oníwèé lásìkò náà gan-an. Ó wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí gún un ju ohun tó rí ní gbọ̀ngàn lọ, torí pé ti gbọ̀ngàn, ọmọ ló ṣẹ̀ ẹ́; ti èyí, òun ló ṣẹ ọmọ.

Ọdún náà kò rọrùn. Àgbà kó ibùsùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́. Ó ń bá ìyá rẹ̀ rán ìwé, ó sì mọ̀ ọ́n rán, ṣùgbọ́n kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ méjìlélógójì ni kò fi bá a sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Òjìji ti rí ohun tó wá, ohun tó wá náà kò sì rí i. Ẹ̀gbọ́n tó wà nísàlẹ̀ ilé jìnnà sí i ju èyí tí ì bá wà ní yunifásítì lọ.

Ìyá Oníwèé wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago márùn-ún. Yóò fọwọ́, yóò jókòó pẹ̀lú Òjìji nídìí tábìlì, láìmú abẹ́rẹ́ dání. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kàn ń mu tíì tó ti tutù. Lọ́jọ́ kẹta, ó sọ fún ọmọ náà pé ọdún tí bàbá wọn kú, ẹ̀rù pálọ̀ ń ba òun, òun ò lè dá jókòó síbẹ̀, ìdí tí òun fi gbé ara òun fún iṣẹ́ nìyẹn. Òjìji ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí.

Lọ́jọ́ kẹtàlélógójì, Òjìji ń bá wọn fi gọ́ọ̀mù kun ẹ̀yìn ìwé nígbà tí Àgbà sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè. "Gọ́ọ̀mù yẹn ti pọ̀ jù." Òjìji fi àkísà nu díẹ̀ kúrò. Ohun tí wọ́n fi parí ìjà náà nìyẹn, bí a bá lè pè é ní píparí, nítorí lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ Àgbà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àkọ́kọ́ ní yunifásítì, Àgbà kò jẹun, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí ọdún yí po, Àgbà lọ. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún tó lọ, láàárọ̀ Sátidé, fóònù dún. Ìyá Oníwèé gbé e, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta, ó sì fi í sórí tábìlì láàárín òun àti Òjìji kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa bá bọ́tà tó ń fi sí búrẹ́dì lọ. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ẹkún. Ó rò pé aṣìpè ni. Àgbà ni, Àgbà tí kò sunkún níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀.

"Màámi, mo fẹ́ máa bọ̀ nílé. Mi ò lè ṣe é. Èèyàn pọ̀ níbí, mi ò mọ ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Oníwèé. Ó ti múra sílẹ̀ de ẹkún láti ìhà kan fún odindi ọdún, ìhà kejì ni ẹkún wá gbà yọ. Òjìji ló na ọwọ́ mú fóònù náà.

"Àǹtí mi, ìgbà wo ló máa ń le jù?"

Àgbà fọn imú. "Tí kíláàsì bá parí. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà."

"Tèmi náà nìyẹn. Ẹ wá nǹkan kan tẹ́ ẹ máa fọwọ́ ṣe lásìkò yẹn, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé kíkà. Èmi, abọ́ ni mo ń fọ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ tẹ́ ò bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn tó ti mọ́ ni mo ń tún fọ̀."

Ìyá Oníwèé yíjú wò ó. Gbogbo ìgbà yẹn ló fi ń sọ fún aránṣọ pé ọmọ òun fẹ́ràn ìmọ́tótó.

"Ṣé kí n má bọ̀ ni?" Àgbà béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré bíi tọmọdé.

Òjìji gbá fóònù náà mọ́ àyà fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ì bá rò pé yóò ní kó máa bọ̀. Ó gbé e padà sí etí. "Ẹ má bọ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá bọ̀ báyìí, ẹ ò ní lè padà. Ẹ dúró di ọlidé. Ẹ pè mí ní aago mẹ́rin lónìí, màá wà nílé."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù náà, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ìyá Oníwèé dúró sí ìdí tábìlì, búrẹ́dì tí kò tíì fi bọ́tà sí tán wà níwájú rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn Òjìji láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí ọmọ náà rẹ́rìn-ín.