Gbé Ọwọ́ Méjèèjì Sókè

4.

…kò sì lè dákẹ́, torí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀, bó bá dákẹ́, yóò bẹ́. Télọ̀ yọrí lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tépù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ké sí gbogbo àdúgbò:

"Wọ́n ti fún wa lọ́mọ o!"

Abẹ́rẹ́ jábọ́. Títí di òní, a ò rí i.

1.

(Ibí ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n mọ nọ́ńbà.)

Télọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àwọn obìnrin yòókù ládùúgbò, Ìyá Lágbájá, Ìyá Tàmẹ̀dù. Òun, Télọ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀, Dírẹ́bà, tó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì, ti wá ọmọ títí ọ̀rọ̀ wọn fi sú dókítà. Ìgbà tó yá ni wọ́n kọ̀wé sí ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn, lódìkejì òkun. Ilé náà fi fọ́tò ọmọbìnrin kékeré kan ránṣẹ́.

Dírẹ́bà béèrè orúkọ rẹ̀. Télọ̀ béèrè ìwọ̀n rẹ̀.

Wọ́n kọ ìwọ̀n náà sínú ìwé pélébé kan. Télọ̀ fi píìnì kàn án mọ́ ògiri. Ilé ẹjọ́ tó máa fọwọ́ sí i kí wọ́n gba ọmọ náà ṣe tiwọn sì fi wọ́n sílẹ̀ fún bí ọdún méjì.

PÁTÁKÓ TÓ WÀ LÓKÈ ÌWÉ NÁÀ, LÁRA ÒGIRI KAN NÁÀ:

A KÌ Í FI ÌWỌ̀N ÈṢÍ RÁN AṢỌ ỌDÚN YÌÍ.
ẸNI TÓ BÁ TI SANRA, KÓ JẸ́WỌ́.
Ẹ WÁ KÁ TÚN YÍN WỌ̀N.

2.

LÓRÍ FÓÒNÙ

ÌYÁ ỌKỌ: Ìyàwó mi, mo gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

TÉLỌ̀: Ẹ bá wa yọ̀, mà!

ÌYÁ ỌKỌ: Mi ò tíì yọ̀. Ọmọ tá ò mọ ará ilé ẹ̀, tí ò gbọ́ èdè wa? Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀—

TÉLỌ̀: —ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ọmọ ẹni náà nìyí. Ìlẹ̀kẹ̀ ló kù.

(Fóònù kú. A ò mọ ẹni tó pa á.)

3.

LẸ́TÀ ILÉ ẸJỌ́, APÁ ÌSÀLẸ̀

…A fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bí ọmọ náà kò bá gbà yín ní òbí, a ó mú un padà.

Dírẹ́bà ń ka "a fọwọ́ sí i" ní àkàtúnkà. Télọ̀ ka ìyókù lẹ́ẹ̀kan péré. Ó tó o.

4.

Ẹ ti gbọ́ ìyẹn.

5.

Ohun tó rán lọ́sẹ̀ náà:

aṣọ oorun kan
gáùn pupa kan, bọ́tìnnì funfun lẹ́yìn
gáùn aláwọ̀ ewéko kan, torí pupa lè má wù ú
gáùn mìíràn, torí ewéko náà lè má wù ú

Kó tó gé aṣọ, ó já ìwé ìwọ̀n náà lára ògiri. Ó fẹnu fẹ́ eruku orí rẹ̀ dànù.

Ó fi gáùn pupa ṣáájú ránṣẹ́.

6.

ÌPÈ ALÁWÒRÁN. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gbọ́ èdè méjèèjì ló ń ṣe ògbufọ̀ nílé ìtọ́jú náà.

ÒGBUFỌ̀: Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ káàárọ̀, sà. Ó ti wọ aṣọ yín.

TÉLỌ̀: Ẹ jẹ́ n rí i! Ẹ jẹ́ n—

(Àwòrán ọmọ náà yọ.)

DÍRẸ́BÀ: Ṣé búláòsì ni?

TÉLỌ̀: Gáùn ni.

DÍRẸ́BÀ: Áà.

(Gáùn náà ò dé orúnkún. Apá rẹ̀ ti sá lọ sí ìgúnpá. Ọmọ náà dúró ṣánṣán, kò lè mí dáadáa.)

TÉLỌ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ fún un. Ó ń fún un.

ÒGBUFỌ̀: Mo ti sọ fún un. Ó ní ti òun ni.

7.

Télọ̀ tó kọ pátákó! Télọ̀ tó lé ìyàwó pásítọ̀ padà sílé nítorí ìwọ̀n èṣí! Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Aṣọ kọ́ ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé ọmọ náà ti dàgbà, òun ò sì sí níbẹ̀.

8.

ÌPÈ KEJÌ

TÉLỌ̀: Ẹ mú tépù. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Báyìí.

(Télọ̀ gbé tirẹ̀ sókè. Dírẹ́bà náà gbé tirẹ̀ sókè, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.)

(Ọmọ náà wò wọ́n. Ó gbé tirẹ̀ sókè.)

(Ó rẹ́rìn-ín! Eyín iwájú kan ti yọ kúrò!)

9.

Láti ọjọ́ náà, bí àwòrán bá ti yọ báyìí, ọwọ́ méjèèjì á lọ sókè kí ẹnikẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni. Dírẹ́bà ń fi dánra wò nínú ọkọ̀ búrẹ́dì. Ní oríta, ọlọ́pàá ojú títì rò pé ó ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

10.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ LÁTỌ̀DỌ̀ ÌYÁ ỌKỌ

Ẹ kú ewu ọmọ. Ewu wà nínú dídúró náà. Aṣọ tèmi ńkọ́? Mo ti sanra, mo jẹ́wọ́.

11.

LÁRA ILẸ̀KÙN ṢỌ́Ọ̀BÙ

A TI ṢỌ́Ọ̀BÙ PA LÓNÌÍ.
ẸNI TÍ AṢỌ RẸ̀ KÒ TÍÌ JÁDE, KÓ FORÍ JÌ WÁ.
~~TÉLỌ̀~~ ~~OBÌNRIN KAN~~ ÌYÁ KAN Ń LỌ PÀDÉ ỌMỌ RẸ̀.

12.

Nínú ọkọ̀, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú.

"O ò rán òmíràn?" ni Dírẹ́bà bi í.

"Mo gbé aṣọ àti tépù dání. Mi ò gé e."

"Kí ló dé?"

"Bàbá ẹ̀, ọmọ yìí ń dàgbà nínú bàálù báyìí."

Bàbá ẹ̀. Dírẹ́bà fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí kọ́ńkéré etí títì.

13.

Ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí. Àwọn èèyàn jáde. Ó tì. Ó ṣí.

Ògbufọ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Ọmọ náà dì í lọ́wọ́ mú, ó wọ gáùn pupa lé ṣòkòtò.

Ó dúró.

Télọ̀ rántí apá ìsàlẹ̀ lẹ́tà.

Ọmọ náà tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Ògbufọ̀. Ó rìn wá, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé iwájú Télọ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

14.

Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà ń ṣe tó bá fẹ́ ká wọn òun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ń ṣe tó bá fẹ́ kí ìyá òun gbé òun.

Ògbufọ̀ la ẹnu.

"Ẹ má sọ fún mi," ni Télọ̀ wí.

15.

Tépù jábọ́.