Fèrèsé Tí Mọ̀núrù Kàn

Èmi kì í ṣe ẹni tí ń lọ wo ẹyẹ. Òkè Àrin ni mo ti ń ta wàrà alágolo, ṣúgà àti sadíìnì, ẹran tó sì tẹ́ mi lọ́rùn jù ni èyí tí wọ́n ti dì sínú agolo, tí kò lè fò, tí kò sì lè lé èèyàn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní àwọn fẹ́ ṣe ìrìnàjò afẹ́ lọ sí igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko, lókè Ìlọrin lọ́hùn-ún, ṣe ni mo bú sẹ́rìn-ín. Mo bi Jimoh, alága wọn, bóyá erin ló ránṣẹ́ pè é. Àmọ́ nítorí àbúrò mi, Àdíját, èmi náà fi orúkọ sílẹ̀.

Opó ni Àdíját. Ọdún kẹta nìyẹn tí Mọ̀núrù ọkọ rẹ̀ ti kú. Káfíńtà ni Mọ̀núrù, ọmọ Olówógbowó, ó sì fẹ́ràn ẹyẹ ju bó ti yẹ kí àgbàlagbà fẹ́ràn ẹyẹ lọ. Bó bá ń rẹ́ pákó lọ́wọ́, ẹyẹ á bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní lé e. Ó ní ìfé kan tó máa ń sú: á gùn, á rọra ròkè, á wá já wálẹ̀ lójijì. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn rí. Ìfé yẹn ló fi ń pe Àdíját jáde nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe nìkáà tán, tí wọ́n gba yàrá lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì nínú agbo ilé wa, òun fúnra rẹ̀ ló kan fèrèsé yàrá náà, tó fi ọ̀dà búlúù kùn ún. Abẹ́ fèrèsé yẹn ló ti máa ń súfèé bó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Àdíját lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ tí àìsàn òjijì mú ọkọ rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, Mọ̀núrù ti kú. Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, obìnrin kì í sì í bá wọn dé ìtẹ́. Jíbrílù, ọkọ mi, ló wẹ̀ ẹ́, òun ló sì wọ inú sàréè lọ gbà á tẹ́. Nígbà tí Àdíját fi máa sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kejì, a ti sin ọkọ rẹ̀ tán. Ó ṣe opó rẹ̀ pé, kò jáde, kò lé tìróò, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, bí ọkùnrin kan bá wá bá a sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní: "N kò rí i." Òkú ọkọ rẹ̀ ló ń wí. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, á ṣí fèrèsé búlúù náà sílẹ̀, á jókòó sí ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Nígbà tí Lùkúmọ̀n, ará Ìjẹ̀bú kan tó ń ta aṣọ lẹ́bàá Àpọ́ngbọ̀n, wá a wá, tó tún wá a wá, tí Àdíját gbà nígbẹ̀yìn, inú mi dùn débi pé mo pín ṣúgà fún àwọn ará ilé. A dá ọjọ́ nìkáà. Àmọ́ mo rí i pé fèrèsé ṣì ń ṣí sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé ọkàn rẹ̀ á yí padà. Mo rò ó pé bí mo bá mú un lọ síbi tí ojú rẹ̀ á ti rí erin àti ẹfọ̀n, bóyá á gbàgbé fèrèsé.

Ọdún 1957 ni. A wọ rélùwéè ní Ìdó, a sọ̀, a wọ lọ́rì, eruku sì sọ gbogbo wa di ẹni pupa kí a tó dé. Ẹ̀ṣọ́ igbó tí wọ́n fún wa pé kó máa mú wa kiri ń jẹ́ Àkàndé. Wọ́n ní kò sí ẹyẹ tí kò mọ̀ nínú igbó náà. A kò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Fìlà rẹ̀ wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, iwájú ló ń rìn, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni òórùn káńfọ̀ tó ń ti ara rẹ̀ jáde. Àwa náà ń fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ, nítorí náà n kò fẹ́ rò ó pé wọ́n tún máa ń pò ó mọ́ omi tí wọ́n fi ń wẹ òkú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ sí ìdí kànga láti ṣe àlùwàlá. Àkàndé ló ń fa omi. Ó gba búta ọwọ́ mi, ó bu omi sí i, mo sì rí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀. Kò ní èékánná. Òòlù ló fọ́ àtàǹpàkò Mọ̀núrù lọ́jọ́ tó ń kan fèrèsé yẹn, èmi ni mo sì di aṣọ mọ́ ọn. Mo gbójú sókè. Ó ti ṣí fìlà.

"Ẹ kú àtijọ́, Ìyá Bùsàrí," ó ní.

Mo di etí kànga mú. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ nípa àkúdàáyà, òkú tó lọ ń gbé níbi tí wọn kò ti mọ̀ pé ó ti kú. N kò rò pé ẹnìkan nínú wọn á bu omi àlùwàlá fún mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lórúkọ àtijọ́," ó ní. "Bí ará ilé bá pè mí, mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí mo bá dáhùn, mo ti kúrò níbí nìyẹn, n kò sì ní lè padà. Mo níyàwó níbí. Mo bímọ."

"Àdíját ńkọ́?" mo béèrè.

Ó wo inú kànga. "Ṣé ó ṣì máa ń ṣí fèrèsé?"

"Ó ti tì í tipẹ́," mo purọ́. "Ó fẹ́ lọ́kọ. Dákun, fi í sílẹ̀. Má súfèé níbi tí yóò ti gbọ́."

"N kì í sú u mọ́," ó ní. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó gbé garawa, ó lọ. Mo da omi búta náà nù. Mo fi iyanrìn ṣe tàyàmáàmù, mo kírun.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ká lọ sí etí odò níbi tí àwọn ẹranko ti ń mumi. Mo ní kí Àdíját má lọ, mo ní inú ń run mí. Ó ní kí n jókòó, òun á lọ, ṣebí èmi ni mo ní òun á rí erin. Mo tẹ̀ lé e. Jimoh tò wá jókòó sábẹ́ igi, ó ní kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Àkàndé dúró níwájú lọ́hùn-ún, ó kẹ̀yìn sí wa, etí omi ló wà.

Erin jáde. Ó tóbi ju bí mo ti rò lọ, mo sì gbà pé ẹni tó san owó ọkọ̀ kò pàdánù. Ọ̀nà tó máa gbà dé ibi omi gba iwájú Àkàndé kọjá. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró, ó na ọwọ́jà rẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn ọkùnrin náà, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà. Odidi erin. Àwọn lékeléke ń rìn láàárín ẹsẹ̀ ọkùnrin náà bí ẹni pé kò sí èèyàn níbẹ̀. Àwọn ọ̀bọ tó ń pariwo lórí igi dákẹ́. Gbogbo etí odò náà dákẹ́.

Ẹyẹ kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lórí igi tó wà lókè wa, ó súfèé: ó gùn, ó rọra ròkè, ó já wálẹ̀ lójijì. Òmíràn dá a lóhùn ní òdìkejì odò. Lẹ́yìn náà ni gbogbo igi gbà á, igi kan sọ fún èkejì, títí tí gbogbo igbó fi ń sú ìfé Mọ̀núrù. Òun fúnra rẹ̀ kò lanu. Ó ti kọ́ àwọn ẹyẹ ní ìfé náà.

Àdíját dìde dúró. Bí mo ti rí i pé ó ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà, mo já ìborùn mi, mo fi bo gbogbo orí rẹ̀, mo dì í mú láyà, mo sì ń fà á padà sí ọ̀nà lọ́rì. Mo ní òyì ń kọ́ ọ, mo ní kó máa bọ̀. Ó ń tẹ̀ lé mi láì bá mi jà, ìfé àwọn ẹyẹ sì kún mi létí. Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ní, "Mo ń bọ̀." Mo rò pé Jimoh ló pè é.

Nígbà tí a ń di ẹrù sínú lọ́rì, obìnrin kan pọn ọmọ wá bá wa. Àṣàbí lorúkọ rẹ̀, láti apá Ọ̀yọ́ ló ti wá. Ó ní ṣé a rí Àkàndé ọkọ òun, pé òun bá ọ̀pá rẹ̀ létí odò. Jimoh ní bóyá ó tọ ipasẹ̀ ẹran lọ. Èmi kò lè wo ojú obìnrin náà, àánú rẹ̀ sì ṣe mí dé Èkó.

Jíbrílù nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ó gbọ́ ọ parí, ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tú aṣọ lójú rẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé iyẹ̀pẹ̀." Láti ọjọ́ náà, mo máa ń rí i tó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ láì jẹ́ pé ó fẹ́ jẹun. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé n kò pe Mọ̀núrù. Ta ló wá pè é?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú nìkáà ni Lùkúmọ̀n wá kí wa. Àwa mẹ́rin ló wà nínú yàrá Àdíját, èmi àti ọkọ mi àti àwọn méjèèjì, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀. A gbọ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Àṣàbí ni, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ní láti Àpọ́ngbọ̀n ni òun ti ń béèrè ilé tó ní fèrèsé búlúù. Ó bojú wò wá yí ká, ó kúnlẹ̀ níwájú Àdíját.

"Ẹ kú ilé, ìyálé mi," ó ní. "Bàbá ọmọ yìí ti sọ fún mi pé bí òun kò bá wálé lọ́jọ́ kan, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Jíbrílù wo ọmọ náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Kò sí ẹni tí kò lè ṣírò rẹ̀ nínú wa: Mọ̀núrù ti wà nínú sàréè kí wọ́n tó lóyún rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ló lọ?" Àdíját béèrè.

"Ọjọ́ tí ẹ ń padà lọ ni. Ẹni tó ń pẹja nítòsí sọ fún mi pé obìnrin kan pè é ní orúkọ tí òun kò gbọ́ rí. Ó dáhùn, ó fi ọ̀pá lélẹ̀, ó wọgbó."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Mo fẹ́ búra, àmọ́ Àdíját ti sọ̀rọ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ bò mí lójú, Àǹtí mi, ẹ kò bò mí lẹ́nu. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé n kò rí i. Mo kàn fẹ́ kó dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan. N kò mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀."

Ó wá kúnlẹ̀. N kò rí i rí kí ìyálé kúnlẹ̀ fún ìyàwó, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ Àṣàbí mú, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Àṣàbí kò bínú, ẹkún ló ń sun. Lùkúmọ̀n ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rò pé yóò dìde kó máa lọ, n kò bá sì dá a lẹ́bi. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Yàrá méjì ni mo gbà. Kí ìyá ọmọ bá wa lọ." Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má rí omi ojú mi.

Àdíját tú ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó gbé e lé itan. Ọmọ náà kò sunkún. Ó wo fèrèsé búlúù yẹn, ó ṣu ẹnu jọ, ó sì súfèé: ó gùn, ó rọra ròkè, ó já wálẹ̀ lójijì.

Ojú pópó nísàlẹ̀ dákẹ́, bẹ́ẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó kì í dákẹ́ nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ fèrèsé, ohun kan dá ọmọ náà lóhùn. Òórùn káńfọ̀ wọlé.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó tún ṣu ẹnu jọ. Àdíját fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó gbé e dìde, ó lọ sí ìdí fèrèsé láì wo ìsàlẹ̀, ó sì tì í.